Ológbò Tó Wọ Ọkọ̀ Ojú Irin Dé

Òwú ń fò. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nìyẹn, kí n tó rí ènìyàn kankan. Ó ń fò lókè orí mi, ó ń fò lẹ́bàá ògiri, ó ń rọra balẹ̀ sí èjìká mi bí ohun tí kò ní ìwúwo rárá, oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó gba ojú fèrèsé wọlé sì ti fún un ní àwọ̀ oyin. Láàrin rẹ̀ ni màmá arúgbó kan jókòó sí, wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú, wọ́n fi gèlè bo imú, wọ́n mú pàṣán tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ọwọ́ ọ̀tún, òmíràn sí tòsì, wọ́n ń fi na òkìtì òwú náà: fìì-pà, fìì-pà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò ilé-ìwé lọ́rùn. Bí mo ṣe ń wò ó, òkìtì òwú náà mí. Ó gbéra díẹ̀, ó là lápá kan, orí ológbò funfun kan sì yọ láti inú rẹ̀, òwú lẹ̀ mọ́ irunmú rẹ̀. Ó wò mí, ó yán, ó padà sínú òwú.

"Má bẹ̀rù," ni màmá náà wí láti abẹ́ gèlè. "Ilé rẹ̀ ni. Èmi ni mò ń dà á láàmú."

Sabon Gari ni a ń gbé nígbà náà, ní Minna. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìlú náà di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tuntun ni, àwọn akọ̀wé àti olùkọ́ sì ń ti ibi gbogbo rọ́ wá. Bàbá mi wà lára wọn. Ilé tí a máa kó sí ní Tunga ṣì jẹ́ ìpìlẹ̀ àti òkìtì iyanrìn, nítorí náà wọ́n gba yàrá méjì fún wa nínú agbo ilé kan tí kò jìnnà sí ojú irin. Àwa méjì péré la dé síbẹ̀. Ìyá mi ti kú ní Ọ̀yọ́ kí ìwé tó gbé bàbá mi lọ sí Minna tó dé, mo sì ti bá ìyá-ìyá mi gbé díẹ̀ kí wọ́n tó wá mú mi. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mi ò gbọ́ Haúsá, gbogbo ọmọ àdúgbò sì ń fi Haúsá ṣeré, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá.

Màmá oníṣẹ́ òwú yìí, tí wọ́n ń gbé nínú agbo ilé kan náà, ni ó gbà láti máa mójú tó mi títí bàbá mi á fi dé láti ibi iṣẹ́. Mátíréèsì ni wọ́n ń ṣe. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn àti ọkọ wọn ti wá nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọ̀dọ́. Ọkọ ló ń rán an, àwọn ló ń na òwú. Nígbà tí ọkọ kú, wọ́n mú abẹ́rẹ́ ńlá náà, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Òwú igi àràbà ni wọ́n ń kì sínú aṣọ onílà fún ẹni tó bá lówó, koríko gbígbẹ fún ẹni tí kò bá ní. Àwọn Haúsá ń pè wọ́n ní Mai Katifa, ìyẹn ni onímátíréèsì. Àwa ọmọdé ń pè wọ́n ní Màmá Àgbà. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ wọn gan-an rí, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti béèrè.

Títí di òní, tí mo bá di ojú mi, mo lè gbọ́ òórùn yàrá yẹn. Òwú àràbà ní òórùn tirẹ̀, bí ilẹ̀ gbígbẹ tí ìrì kán sí. Koríko ń rùn bí oko lẹ́yìn ìkórè. Láti ẹ̀yìnkùlé ni òórùn orí ẹja ti ń wá, nínú ìkòkò dúdú kan tó máa ń wà lórí iná lójoojúmọ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin á ké lọ́nà jíjìn, ilẹ̀ á gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ ẹní tí mo jókòó lé, òwú tó ti balẹ̀ á tún gbéra.

Ti àwọn ológbò ni ìkòkò dúdú yẹn. Ìlú ń ṣí kiri lásìkò náà. Ẹni tó wà ní Sabon Gari lónìí, ó ti rí ilé sí òdìkejì ìlú lọ́la. Wọ́n á kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á kó ìkòkò, wọn ò ní kó ológbò. Àwọn mìíràn ti ibi ìkẹ́rùsí rélùwéè wá, àwọn mìíràn ti ọjà wá, ọ̀kan kò ní ìrù, ọ̀kan kò ní ojú kan. Tí oòrùn bá ti ń rọ̀, Màmá Àgbà á gbé pàṣán kalẹ̀, wọ́n á fi omi ẹja po ìyókù tùwó, wọ́n á bù ú sínú àwọn àwo tó ti là, wọ́n á tò wọ́n sẹ́bàá ògiri ẹ̀yìnkùlé. Wọn kì í pè wọ́n. Wọ́n á kàn gbé oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n á máa gbá ilẹ̀. Kí wọ́n tó gbá ilẹ̀ tán, ìrù ti kún ẹ̀bá ògiri.

Àwọn kan ń sọ̀rọ̀. Obìnrin kan tó ń gbé ní ojúlé kejì kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá. Mo gbọ́ ọ nígbà kan tó ń sọ fún alájùmọ̀gbé wa pé, "Ẹni tó ń bọ́ ológbò tí kì í ṣe tirẹ̀, òun àti wọn jọ mọ ohun tí wọ́n ń bára wọn ṣe." Ó ń sọ ọ́ lóhùn òkè, kí Màmá Àgbà lè gbọ́. Màmá Àgbà gbọ́. Wọ́n kí i pé ó kú iṣẹ́, wọ́n béèrè ara ọmọ rẹ̀ tí ibà ń ṣe, wọ́n sì ń bá abẹ́rẹ́ wọn lọ. Mẹ́ruwà tó ń gbé omi wá sí agbo ilé wa ní tirẹ̀ á sọ garawa rẹ̀ kalẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín: "Mai Katifa, yaya 'ya'yanki?" Ó ń béèrè bí àwọn ọmọ wọn ṣe wà.

"Lafiya lau," ni wọ́n á dáhùn. "Wọ́n ti jẹun. Ìwọ ńkọ́?"

Báyìí ni ọjọ́ ń lọ, ọ̀kan ń wọnú èkejì, títí ọyẹ́ fi dé. Ọyẹ́ Minna nígbà yẹn a máa bo ìlú mọ́lẹ̀. Àwọn òkè tó wà lẹ́yìn ìlú á pòórá, oòrùn á dà bí àwo tánganran lójú ọ̀run, ohùn ènìyàn á dún bí ẹni pé láti inú omi ló ti ń bọ̀. Inú ọyẹ́ yẹn ni bàbá mi mú ìyàwó tuntun wá sílé.

Olùkọ́ ni. Ọ̀yọ́ ni òun náà ti wá. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kò le, ó sì mú àpótí onírin kan àti agbòòrùn aláwọ̀ ewé wá. Wọ́n ní kí n máa pè é ní Màmá. Mi ò pè é ní nǹkan kan. "Ó" ni mò ń pè é nínú ọkàn mi, bí ẹni tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, mo sì ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níhìn-ín nítorí bó ṣe rí nìyẹn. Tó bá bu oúnjẹ sílẹ̀ fún mi, màá ní mo ti yó lọ́dọ̀ Màmá Àgbà. Tó bá fẹ́ di irun mi, màá ní orí ń fọ́ mi. Á wò mí. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lára mi, ó ń tẹ̀ lé mi láti ẹnu ọ̀nà dé orí ẹní, ó ń wá ibi tó lè gbà wọlé. Bàbá mi bá mi wí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wá fi mí sílẹ̀. Ilé wa wá dákẹ́ bí ilé tí àìsàn wà.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ológbò funfun bímọ. Àárín òwú tí Màmá Àgbà ti nà fún oníbàárà kan ló bí wọn sí, ọmọ mẹ́rin, wọ́n kéré bí iṣu kókò, ojú wọn dì. Nígbà tí oníbàárà náà dé, tó béèrè mátíréèsì rẹ̀, Màmá Àgbà fi ìka lé ètè wọn.

"Ẹ má bínú, bàbá. Kò tíì ṣe. Ẹnìkan ṣì ń sùn lórí rẹ̀."

Ọkùnrin náà bojú wo inú yàrá, ó rí i, ó mi orí. "Kai," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo fi ọjọ́ wọ̀nyẹn dùbúlẹ̀ sẹ́bàá òkìtì òwú, mò ń gbọ́ bí ológbò funfun ṣe ń kùn sí àwọn ọmọ rẹ̀. Ohùn yẹn máa ń gba inú òwú kọjá sínú eegun àyà mi. Mi ò fẹ́ lọ sílé. Nígbà tó wá di ìrọ̀lẹ́ kan, ológbò náà jáde lọ wá nǹkan jẹ bó ṣe máa ń ṣe, kò padà wá. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, kò dé. Àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ohùn tín-ínrín bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo.

Mẹ́ruwà ló mú ìròyìn wá. Ó ń ṣe alááru ní téṣàn tí omi kò bá tà. Ó gbé garawa kalẹ̀, kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. "Mai Katifa, na ga farar magenki a tasha." Ó ní òun rí ológbò funfun wọn ní téṣàn. Wọ́n ń kó àpò ẹ̀wà sínú ọkọ̀ akẹ́rù, eku ń sá láàrin àpò, ológbò lé eku wọ inú yàrá irin, kí òun tó sọ àpò orí òun kalẹ̀, wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn pa. Ọkọ̀ ti ṣí. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ ló kọrí sí, ọ̀nà Zungeru.

"Haba," ni Màmá Àgbà wí, ohùn wọn rọlẹ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, wọn ò fọwọ́ kan pàṣán. Wọ́n ra wàrà tútù lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní tó ń kiri, wọ́n bomi là á, wọ́n fi òwú ṣe bí òwú àtùpà, wọ́n ń tì í bọ àwọn ọmọ náà lẹ́nu. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń gbé orí wọn dání kí wàrà má baà há wọn lọ́fun. Wọ́n ń mu díẹ̀, wọ́n ń bì í. Nígbà tí bàbá mi dé láti ibi iṣẹ́, Màmá Àgbà sọ fún wọn pé àwọn fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Zungeru bí ilẹ̀ bá mọ́, kí àwọn lọ wá ológbò náà.

"Màmá," ni bàbá mi wí, ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu wọn, "nítorí ológbò?"

"Ṣé kí n wá jókòó kí n máa wo ẹnu wọn ni?"

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé. Ọyẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi kọ́kọ́ gbọ́ ẹsẹ̀ Màmá Àgbà kí a tó rí wọn. Wọ́n ti múra ìrìnàjò, wọ́n ró ìró méjì léra nítorí òtútù, agbọ̀n kan wà ní ọwọ́ kan, agbọ̀n kejì wà ní èkejì. Ọ̀kan ṣófo. Àwọn ọmọ ológbò ni ó wà nínú èkejì. Mo na ọwọ́. Wọn ò gbé e fún mi. Wọ́n gbé e fún ìyàwó bàbá mi.

Ó fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ìlẹ̀kùn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "mo máa ń bẹ̀rù ológbò."

"Mo mọ̀. Mo ti rí i lójú rẹ látọjọ́ tí o ti dé."

"Mi ò fọwọ́ kàn án rí láyé mi."

"Àbẹ̀kẹ́ yìí mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Á sọ fún ọ." Wọ́n gbé agbọ̀n náà lé ilẹ̀ láàrin wa, wọ́n yí gèlè wọn dáadáa, wọ́n sì wọnú ọyẹ́ lọ. Bàbá mi ti bá àwọn ará ibi iṣẹ́ wọn lọ sí Tunga láti wo ilé. Ó ku èmi àti òun àti igbe inú agbọ̀n.

Mo rò pé á sá. Mo fẹ́ kó sá. Ó jókòó sílẹ̀ dípò rẹ̀, ó ká aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó na ìka kan sínú agbọ̀n, ó yọ ọ́, ó tún nà án. Òógùn wà níwájú orí rẹ̀ nínú òtútù yẹn. Nígbà tó gbé ọ̀kan jáde, ó mú un bí ẹni mú ẹyin iná, orí ọmọ náà sì ń mì lọ mì bọ̀.

"Kì í ṣe báyẹn," mo wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo dá fún un láìjẹ́ pé ó bi mí ní nǹkan nìyẹn. "Ẹ gbé orí rẹ̀ dání."

"Báyìí?"

"Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. A ti òwú bọ wàrà, a fún wọn, a nu ẹnu wọn. Oòrùn funfun náà rọra gun òkè ilé. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀sán, ó ti bọ́ aṣọ òtútù rẹ̀ tó dára jù, ó fi bo agbọ̀n. Ó sọ fún mi láìwo ojú mi pé ní alẹ́ ọjọ́ tí àbúrò òun ọkùnrin kú, nígbà tí òun kéré, ológbò kan gba orí àjà wọn kọjá, ìyá wọn àgbà sì sọ pé ológbò ló mú un lọ. "Láti ìgbà náà, tí mo bá ti rí i, mo máa ń rántí ojú àbúrò mi." Mo ti òwú mìíràn bọ wàrà, mo nà án sí i.

Ìrọ̀lẹ́ ni èyí tó kéré jù nínú wọn kọ̀ láti mu. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ sí i, ó fi ìka ra àyà rẹ̀. Ọmọ náà ya ẹnu lẹ́ẹ̀kan, kò sí ohùn níbẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí i pé kò mí mọ́, òun sì ń bá a lọ, ó ń ra á, ó ń ra á.

"Ó ti kú," mo wí.

Ó wò ó. Ó wá bú sẹ́kún, ẹkún tí mi ò rí kí àgbàlagbà sun rí, ó bo ojú pẹ̀lú apá nítorí pé ọmọ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe," ló ń wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe rárá. Mo ń gbìyànjú, mi ò kàn mọ̀ ọ́n ṣe."

Mo dúró lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé òkú ìyá mi jáde, wọ́n ti mú mi lọ sí ilé kejì, kò sì sí ẹni tó sunkún níwájú mi. Gbogbo wọn ni wọ́n nu ojú kí wọ́n tó wọlé tọ̀ mí. Mi ò mọ ohun tí ènìyàn ń ṣe. Mo gba ọmọ ológbò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fún mi. A sin ín sí ìdí igi dógóyárò. Òun ló fi ọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ ọyẹ́ tó le bí òkúta.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni Màmá Àgbà tó dé, ẹni tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Eruku ti sọ ìpéǹpéjú wọn di pupa. Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá sí yàrá òwú, wọ́n ní kí àwa méjèèjì gbé àwọn ọmọ náà tẹ̀ lé àwọn. Wọ́n tú okùn tó wà lẹ́nu agbọ̀n wọn.

Ológbò tó jáde jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, ó ní ìlà dúdú lẹ́yìn, etí rẹ̀ kan ti ya.

"Màmá Àgbà," mo wí, omijé ti ń bọ̀, "kì í ṣe òun nìyí!"

"Kì í ṣe òun. Ṣé mo ní òun ni? Mo béèrè ológbò funfun títí, mo wo abẹ́ gbogbo ọkọ̀, mi ò rí i. Èyí ni mo bá lábẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ó ń ké. Ajá ti pa àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ."

"Kì í ṣe ìyá wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni wọ́n wí, wọ́n jókòó pẹ̀lú ìrora. "Ó ní wàrà, kò sì ní ọmọ. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ológbò náà sá lọ sí igun yàrá, ó ká ẹ̀yìn, ó ń fi eyín hàn. Mo fẹ́ gbé àwọn ọmọ náà tọ̀ ọ́, Màmá Àgbà dá mi dúró. Wọ́n mú àkísà tí ológbò náà sùn lé láti Zungeru, wọ́n fi ra àwọn ọmọ náà lára láti orí dé ìrù, wọ́n tẹ́ ẹ sórí òwú, wọ́n sì kó wọn lé e, ní ibi tí ó ti lè máa gbọ́ wọn. Wọ́n pa ìlẹ̀kùn dé. Wọ́n fún ìyàwó bàbá mi ní òkìtì òwú kan pé kó máa yọ kóró inú rẹ̀, wọ́n fún èmi náà ní tèmi, àwọn mú abẹ́rẹ́.

"Ẹ má wò ó," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ojú máa ń wúwo lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

A jókòó. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ń pọ́n, ó ń ṣókùnkùn, òwú tí a ń tú ń gbéra kúrò lọ́wọ́ wa, ó ń rìn káàkiri yàrá láìmọ ibi tó ń lọ, ó ń bà lé gèlè Màmá Àgbà, ó ń bà lé irun ìyàwó bàbá mi. Abẹ́rẹ́ ń wọ aṣọ, okùn ń fà á, ṣìì, ṣìì. Ilẹ̀ ń gbọ̀n nítorí ọkọ̀ kan tó ń kọjá lọ. Àwọn ọmọ náà ń ké. Nínú òkùnkùn igun, ológbò ń kọ hàà, ó ń dákẹ́, ó tún ń kọ hàà. Mo wá rí i pé mo ti súnmọ́ obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, orúnkún mi kan tirẹ̀, kò sì wò mí. Ó ń yọ kóró òwú.

Igbe náà dá. Gbogbo rẹ̀ dá lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rò pé wọ́n ti kú.

"Tẹ́tí," ni Màmá Àgbà wí.

Mo tẹ́tí. Ohùn ológbò náà wá láti inú òwú, ó rẹlẹ̀, ó ń kùn bí ọlọ tó ń lọ ọkà ní ilé kejì.

Nígbà tí a délé, wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà ka iwájú mi. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n. Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn ni mi ò ti lè pè wọ́n ní "ó" mọ́. Wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n lọ ń to àwo tí wọ́n ti tò tẹ́lẹ̀. Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì fi ìka nu àwo. "Àǹtí, ẹ ṣé o," mo wí. Àwo tó wà lọ́wọ́ wọn dún mọ́ òmíràn. "Kò tọ́pẹ́," ni wọ́n dáhùn, wọn ò sì yíjú padà títí mo fi dìde. Mi ò pè wọ́n ní Màmá láyé. Àǹtí ni, Àǹtí náà ló ṣì jẹ́, orúkọ náà sì ti tóbi débi pé kò sí ohun tí kò lè gbé.

Ológbò funfun kò padà wá. Aláwọ̀ ilẹ̀ wo àwọn mẹ́ta náà dàgbà, ó sì jókòó ti Màmá Àgbà. Lẹ́yìn náà fóòmù dé. Gbogbo ilé tuntun tó ń yọ ní ìlú ni wọ́n ń fẹ́ fóòmù, mátíréèsì òwú di ti arúgbó, ọwọ́ Màmá Àgbà sì ti ń wúwo. Ọmọ wọn ọkùnrin wá mú wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo wà ní ilé-ìwé. Nígbà tí mo dé, mo bá Àǹtí ní ẹ̀yìnkùlé, ẹni tó máa ń bẹ̀rù ológbò, wọ́n ń to àwo sẹ́bàá ògiri. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí a fi kó lọ sí Tunga. Ìgbà tí mo wà ní ilé-ìwé gíga ni a gbọ́ pé Màmá Àgbà ti sùn. Bàbá mi náà ti lọ báyìí. Wọ́n ti fẹ ọ̀nà gba ibi tí agbo ilé wa wà.

Èmi àti Àǹtí la jọ ń gbé ní Barkin Sale. Wọ́n ti di arúgbó tí oorun ọ̀sán máa ń mú lórí àga. Ohun kan wà tó ti ń yọ mí lẹ́nu láti ọjọ́ tí mo ti dàgbà tó láti rò ó: obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà ì bá ti bá Màmá Àgbà mójú tó àwọn ọmọ yẹn, alájùmọ̀gbé wa ì bá ti ṣe é. Kí ló dé tí wọ́n fi gbé agbọ̀n náà wá fún ẹni tó bẹ̀rù jù? Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo bi Àǹtí. Mo ní ṣé wọn ò rò pé Màmá Àgbà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, pé nítorí àwa méjèèjì ni wọ́n ṣe lọ Zungeru.

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ojú wọn fi dì. "Ológbò ni wọ́n lọ wá o, ọmọ mi. Má fi kún un."

Mi ò fi kún un. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo kàn mọ̀ pé obìnrin kan ró ìró méjì léra, ó wọnú ọyẹ́ lọ láti wá ohun kékeré kan tí kò sí ẹlòmíràn tó ń wá a, kò sì rí i; àti pé láti ìgbà náà, tí wọ́n bá gbé nǹkan tó ń ké wá sí ẹnu ọ̀nà mi, ì báà ṣe ènìyàn, ì báà ṣe ẹranko, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nípa bíbéèrè ta ló ni ín.